Ó Rù Ni, Kì Í Ṣe Pé Ó Tín-ín-rín

Bí ará ilé bá dé ọsibítù tí wọ́n rí èèyàn wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, "Ó mà ti rù o!" ni wọ́n sábà máa ń pariwo. Nọ́ọ̀sì tó bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn náà tín-ín-rín ti sọ kókó ọ̀rọ̀ nù. Ẹni tó tín-ín-rín lè ti wà bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Wọ́n tilẹ̀ lè máa pè é ní ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, kí inú rẹ̀ sì máa dùn. Ẹni tó rù kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹbí rù ni fọn àti joro: gbogbo wọn ló ń sọ pé nǹkan ti yí padà lára.

Ìyípadà yìí gan-an ni àyẹ̀wò MUST, tí ẹgbẹ́ BAPEN gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2003, ń wá. Yàtọ̀ sí BMI, ìyẹn ìṣirò ìwọ̀n ara sí gíga, ó ń béèrè bí ara ṣe fúyẹ́ sí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Bó bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, máàkì 2 ni, ewu ńlá sì nìyẹn. Ìyá tó wọn kílò 90 tó wá di 80 ti wọ inú ewu yìí, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ ṣì ń pè é ní ẹni tó sanra. Ní Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ń lo káàdì tó ń tọpa ìwọ̀n ọmọdé láti oṣù dé oṣù, kí irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lè hàn.

Sanra àti wú náà ń da èèyàn láàmú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tí oúnjẹ rere kò tó lè kún, kí ìyá máa rò pé ó ń sanra. Bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, tí ojú ibẹ̀ jìn tí kò tètè padà, ó wú ni.

Rédíò ti sọ àìjẹunrekánú di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé, àmọ́ àwọn kan ń lò ó bí ẹni ń lo ebi. Ẹni tó ń fi ẹ̀bà nìkan yó lójoojúmọ́, tí kò rí ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà, kò ní sọ pé ebi ń pa òun.

Ìkíni ni "Ṣé ẹ ti jẹun?" láàárín wa, àgbàlagbà kì í sì í fẹ́ dáhùn pé òun kò jẹ. "Mo fi kan ẹnu" ni yóò wí. Èyí kì í ṣe jíjẹun o. Òkèlè kan tàbí méjì ni. "Màmá, kí lẹ jẹ láàárọ̀? Ṣé ẹ jẹ ẹ́ tán, àbí ó ṣẹ́ kù?" sàn jù. Ẹni tó ní ẹnu òun korò, ó lè jẹ́ oògùn ló fà á. Ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, kí dókítà tètè rí i.

Ó wá ku bọ́ àti rọ. Fífi ipá da oúnjẹ sí ẹnu ni rírọ, bí àwọn ìyá àtijọ́ ti ń rọ ọmọ ní ògì; ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹni tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ, ìlànà àjọ ìlera NICE nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2006 ní kí oúnjẹ rẹ̀ má ju ìdajì ohun tí ara nílò lọ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nítorí àjẹjù òjijì lè da iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rú, kó sì kan ọkàn. Ẹ bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, kí dókítà sì sọ ìgbà tí ẹ ó fi kún un.