Iṣẹ́ sọ́fítíwíà: Ohun tí oníbàárà fẹ́ fi ṣe ni kí ọ̀gá kọ́kọ́ mọ̀

Lára ohun tó ń jẹ owó àwọn oníṣòwò kéékèèké gbé lásìkò yìí ni sọ́fítíwíà tí wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn ṣe, tí kò sì sẹ́ni tó ń lò ó. Ọ̀gá á pe àwọn ọ̀dọ́ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, á ka ohun mẹ́wàá tó ń fẹ́ fún wọn, wọn á sì ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pé. Ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù mẹ́ta, àwọn òṣìṣẹ́ á ti padà sídìí ìwé àti bírò. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe àwọn tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi. Ọ̀nà tí ọ̀gá gbà darí wọn ni.

Iṣẹ́ tó parí yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó wúlò. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ darí kì í ka iye nǹkan tí wọ́n kọ. Ìṣòro oníbàárà tó dínkù ló máa ń wò. Ìtàn ilé-iṣẹ́ Intuit ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere.

Ọdún 1983 ni Scott Cook àti Tom Proulx dá Intuit sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California. Ìyàwó Cook ló ń ráhùn nípa wàhálà sísan owó ilé lóríṣiríṣi àti ṣíṣe ìṣirò wọn. Quicken ni wọ́n pe sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe. Irú rẹ̀ ti pọ̀ lọ́jà nígbà náà, àmọ́ Cook tẹnu mọ́ ọn pé bí kò bá yá ju bírò àti ìwé lọ, àwọn èèyàn ò ní lò ó. Wọ́n pe àwọn tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà, wọ́n jókòó tì wọ́n, wọ́n sì ń fi aago wo bó ṣe ń pẹ́ wọn tó.

Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ Intuit ń lọ dúró sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta Quicken. Ẹni tó bá rà á, wọ́n á bẹ̀ ẹ́ kí wọ́n lè bá a délé. Wọn ò lọ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó o, wọ́n kàn ń wo ibi tó ti ń ṣòro fún un ni. Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà.

Nígbà tí wọ́n sì bi àwọn oníbàárà léèrè, nǹkan bí ìdajì wọn ló sọ pé ibi iṣẹ́ làwọn ti ń lò ó, bẹ́ẹ̀ ìṣirò owó ilé ni wọ́n ṣe é fún. Intuit ò kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ìgbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ ni wọ́n rí i pé sọ́fítíwíà àwọn akáúńtáǹtì, tó kún fún dẹ́bíìtì àti kírẹ́díìtì, ò yé àwọn oníṣòwò kéékèèké. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ò ju kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó àti iye tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ wọn. Èyí ló bí QuickBooks lọ́dún 1992, tó di ọ̀kan lára ọjà Intuit tó lókìkí jù lọ.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ fún oníṣòwò tó fẹ́ gbéṣẹ́ sọ́fítíwíà síta.

Àkọ́kọ́, ìṣòro ni kẹ́ ẹ gbé fún wọn. Bí àpẹẹrẹ, kí ẹni tó ní kẹ́míìsì má kàn sọ pé, “Ẹ ṣe ibi tí màá ti máa rí gbogbo ọjà mi.” Kó sọ pé, “Oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ń jẹ mí lówó. Mo fẹ́ máa mọ̀ ọ́n ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.”

Ìkejì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń kọ ọ́ fojú ara wọn rí àwọn tó máa lò ó. Kì í ṣe gbogbo ohun tí oníbàárà bá béèrè ni wọ́n máa ṣe, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n mọ ìdí tó fi béèrè rẹ̀.

Ìkẹta, ẹ mú ohun kan tẹ́ ẹ máa fi díwọ̀n iṣẹ́ náà. Ti kẹ́míìsì yẹn lè jẹ́ iye oògùn tó ń dà nù lóṣooṣù. Bí iye yẹn ò bá dínkù, iṣẹ́ ò tíì parí.

Ìkẹrin, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kẹ́ ẹ sì fi lára owó náà pa mọ́ de àtúnṣe. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni àṣìṣe máa tó hàn. Ẹni tó bá ti ná gbogbo owó rẹ̀ tán kó tó dọjọ́ náà ò ní rí nǹkan kan tún ṣe.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó àsansílẹ̀, ẹ lọ jókòó ti ẹni tó ń bá yín tajà fún wákàtí kan. Ẹ kọ ibi tí iṣẹ́ ti ń falẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ ibi tí ara oníbàárà kì í ti í gbà á mọ́. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ gbé lé àwọn ọ̀dọ́ náà lọ́wọ́.