Ẹja Tí Mo Dá Padà Sómi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé ìwọ̀ àti àwọ̀n lọ sódò Ọ̀wẹ̀nà lẹ́yìn tí a bá ti já kòkó tán, ẹ fún mi létí yín. Àkọ́rọ̀ òjò ti dé. Ọdún Orósùn wa ní Ìdànrè kò jìnnà mọ́, omi sì ti ń gun koríko bèbè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹja tútù ló ṣeé ká. Bó bá ti gbẹ, ṣíṣẹ́ ni yóò ṣẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bá yín sọ ọ́ nísinsìnyí, tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ṣì tutù lọ́kàn gbogbo wa.

Ní 2024, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kí n wá fojú kan àwọn ọmọ-ọmọ mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ni mo ti wà níbẹ̀ títí oṣù Kẹsàn-án fi parí. Ẹ mọ̀ mí, n kò lè jókòó sílé kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ di alẹ́. Ọkọ ọmọ mi rí i pé ara mi kò balẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń dẹdò?" Mo ní ṣé wọ́n ń bi ọmọ Ìdànrè bóyá ó mọ òkè é gùn ni. Láti ọjọ́ náà lọ, etí omi Chesapeake ni ilẹ̀ Sátidé ti ń mọ́ wa.

Omi náà fẹ̀ débi pé ojú kì í rí ìkángun rẹ̀. Omi òkun àti omi odò pàdé níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pàdé lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ. Ẹja tí tọmọdé tàgbà ń wá níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní striped bass. Ara rẹ̀ ń dán bí fàdákà, ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ sì nà gbọọrọ láti ìdí orí dé ìrù. Ṣùgbọ́n àwọn ará Maryland ní orúkọ tiwọn fún un, rockfish, ẹja àpáta. Èmi tí wọ́n bí sábẹ́ àpáta, tí àwọn baba mi gbé orí òkè kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òdòde, mo ní ẹbí mi lèyí.

Ní Sátidé kẹta, ẹja kan gbé ìdẹ mi mì. Ọ̀pá tẹ̀ bí ọrun. Bó ṣe ń fà lèmi náà ń fà. Bó bá sáré wọ ibú, n ó tú okùn fún un, bó bá rẹ̀ ẹ́, n ó ká a padà. Ìgbà tí ọkọ ọmọ mi fi àwọ̀n gbé e, tó wọ̀n ọ́n, íńṣì 27 ni. Láti ìgbà tí mo ti ń dẹdò, ọwọ́ mi kò tíì ba irú rẹ̀ rí. Mo ti ń pín in lọ́kàn, ẹ̀gbẹ́ kan fún ọbẹ̀ ata, ẹ̀gbẹ́ kejì fún yíyan. Ó wá rọra ní, "Bàbá, ẹ má bínú. A ó dá a padà sómi."

Mo bínú. N kò ní purọ́ fún yín. A délé, n kò tíì bá a sọ̀rọ̀. Ẹja tí mo fi agbára mi mú, tí n kò jí i, kí ló dé tí n ó fi sọ ọ́ nù?

Lálẹ́ ọjọ́ náà ló jókòó tì mí, tó là á yé mi. Òfin wọn lọ́dún yẹn ni pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹnì kan lè mú lọ sílé lóòjọ́. Kò gbọdọ̀ kéré ju íńṣì 19 lọ, kò sì gbọdọ̀ gùn ju 24. Ọ̀rọ̀ ẹja kékeré yé mi, nítorí ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a fi ọmọ ẹja sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹja ńlá ni kò yé mi. Ó ní àwọn tó tóbi yẹn, abo ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, inú òkun ni wọ́n ti ń gòkè wá sínú àwọn odò tó ń ṣàn sí Chesapeake láti wá yé, abo ńlá kan sì lè yé ẹyin tó ju mílíọ̀nù kan lọ. Ẹni tó bá sè é, ṣé ẹja kan ṣoṣo ló sè?

Ojú àwọn ènìyàn náà ti rí nǹkan. Láti àwọn ọdún 1970 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1980, ẹja yìí dín kù débi pé wọ́n bẹ̀rù pé yóò parẹ́. Ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe òfin lé e lórí ní 1984. Ní oṣù kìíní 1985, Maryland ti omi pa: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan, títí di 1990. Mo ro ti apẹja tó ní ọkọ̀, tó ní aya, tó ní ọmọ nílé ìwé, tí wọ́n ní kó so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ọdún márùn-ún. Ó gbóná. Ṣùgbọ́n ní 1995, wọ́n kéde pé ẹja náà ti padà bọ̀ sípò. Wọn kò sì torí rẹ̀ sùn. Láti 1954 ni wọ́n ti ń fa àwọ̀n létí odò lọ́dọọdún láti ka ọmọ ẹja tuntun. Láti 2019, iye tí wọ́n ń rí ti lọ sílẹ̀, ìyẹn ló mú wọn tún fún okùn le. Kódà láti ọjọ́ 16 sí 31 oṣù Keje tí mo wà níbẹ̀, wọ́n ka dídẹ ẹja yìí léèwọ̀ nítorí ooru, torí ẹja tí omi gbígbóná ti mú rẹ̀, bí o tilẹ̀ dá a padà, ó lè kú.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: dídá ẹja padà, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Nínú ìṣirò wọn, bí wọ́n bá dá 100 padà, wọ́n a ka 9 mọ́ òkú. Ẹni tó bá ju ẹja sórí iyanrìn gbígbóná kó ya fọ́tò tán kó tó tú u sílẹ̀, òkú ló jù sódò. Fi omi rin ọwọ́ rẹ kí o tó dì í mú, kí yíyọ̀ ara rẹ̀ má bọ́. Yọ ìwọ̀ náà nínú omi bó bá ṣeé ṣe. Dì í mú jẹ́ẹ́ títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi ju ìrù. Títí mo fi padà, ẹja mẹ́rin péré ni mo jẹ. Èyí tí mo dá padà ju 20 lọ.

Mo wá dé Ìdànrè. Ẹ̀ẹ̀rùn dé.

Lóṣù Kejìlá, ọ̀kan nínú yín mú èpìyà kan wá sí abà mi. Bó ṣe la ẹnu rẹ̀ láti yọ ìwọ̀, ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tú jáde sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ẹni da ọkà bàbà. Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Irú èpìyà yẹn, ẹnu ni ìyá fi ń ṣe ilé ọmọ. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ń gbé ẹyin àti ọmọ kiri, tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ jẹun.

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló burú jù. Mo dé ibú tó wà lábẹ́ ọparun, gbogbo ojú omi funfun fún ikùn ẹja. Èpìyà, àrọ̀, ọmọ ẹja tí kò ju èékánná lọ, àti ọ̀pọ̀lọ́ àti akàn pẹ̀lú. Mo tẹ̀ ba, mo gbóòórùn omi náà: òògùn kòkó. Omijé bọ́ lójú mi, n kò tijú láti sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ìwà yìí ti wá. Láyé àwọn bàbá wa, Gammalin 20 ni a fi ń fín kòkòrò tó ń fa omi ara kòkó mu. Ó ṣiṣẹ́, kòkó ló kọ́ ilé fún wa, òun ló rán wa níwèé. Àwọn kan wá rí i pé díẹ̀ tó bá kán sódò ń mú ẹja léfòó, wọ́n sọ ọ́ di ìwọ̀. Àwọn tó jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ jẹ májèlé mọ́ ọn. Ní 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi lindane, oró tó wà nínú rẹ̀, sínú ìwé àdéhùn Stockholm pé kí wọ́n mú un kúrò nílẹ̀. Òògùn mìíràn ló wà lọ́jà báyìí, ìwà àtijọ́ kò kú. Òfin ilẹ̀ wa náà ka májèlé léèwọ̀ fún ẹja pípa, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ni yóò jókòó sábẹ́ ọparun? Àwa náà ni.

Mo mọ èsì yín: "Bàbá, ebi ń pa wá, ẹja ti gbówó lórí." Òótọ́ ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹja. Èyí tó wà láàárín, mú un, sè é, jẹ ẹ́. Èyí tí ikùn rẹ̀ wú fún ẹyin ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Tọ́ọ̀ṣì àti àdá tí ẹ fi ń dúró de àrọ̀ lóru bí omi bá kún bo koríko, ẹ gbé e kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn kò wá jẹ koríko níbẹ̀, wọ́n wá yé ni.

Mo ti gé ọ̀pá ọparun kan, mo fi ọ̀bẹ ṣàmì méjì sí i lára, ó dúró ti ògiri abà mi. Ẹni tó bá ń ti odò bọ̀ kó wá fi wọn tirẹ̀.

Lóru àná, lẹ́yìn òjò, mo lọ sí bèbè Ọ̀wẹ̀nà láìmú ìwọ̀ dání. Mo pa tọ́ọ̀ṣì mi. Nínú koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, mo gbọ́ wọn, wọ́n ń fi ìrù na omi.