Ìwádìí Wárápá Kò Jìnnà sí Móníyà

Àṣàkẹ́, ọmọ àbúrò mi,

Inú mi dùn pé ìwádìí lórí àìsàn ọpọlọ lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́. Àmọ́ bí o ṣe dojú kọ òkè òkun nítorí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Lójú tèmi, àwọn abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà ni ìbéèrè tó le jù nípa wárápá wà.

Wo iṣẹ́ tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ní Ìbàràpá. Nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1982 nípa Ayétè, ènìyàn 37 nínú 1,000 ló ní wárápá. Ní Igbó-Ọrà, níbi tí wọ́n ti bi nǹkan bí 19,000 ènìyàn léèrè láti ojúlé dé ojúlé, ó lé díẹ̀ ní 5 nínú 1,000, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti 1987 ṣe wí. Ìlú méjèèjì ò jìnnà síra, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Àmọ́ láti 1963 ni Yunifásítì ti ń ṣètò ìlera ní Igbó-Ọrà, àwọn olùwádìí náà sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló fa ìyàtọ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wárápá ti ọwọ́ ìbí tó nira àti ibà tó gun ọmọdé lórí wá, kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Wọn yóò sọ fún ọ pé àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ayétè kéré jù, pé ìdílé kan ṣoṣo lè mú iye náà wú. Òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ wà. Mú abúlé tó sún mọ́ ilé ìwòsàn ní Móníyà tàbí Akanran àti èyí tó jìnnà sí i, kí o fi ìbéèrè kan náà kà wọ́n.

Wọn yóò tún ní àwọn ará oko á fi aláìsàn pamọ́. Wọ́n á fi pamọ́ lóòótọ́, torí ìwádìí kan ti wà ṣáájú tìrẹ, èyí tí ìdílé ọkọ ń ṣe kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ. Nítorí náà, má dárúkọ àìsàn. Béèrè ẹni tó máa ń ṣubú lójijì, tó ń gé ahọ́n jẹ, tó ń tọ̀ sára láìmọ̀. Béèrè lọ́wọ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ọmọ tí gìrì mú lọ. Àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà tí àwọn kan ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ lè mí dáadáa. Èyí lè ba ọpọlọ jẹ́. Mélòó ló ṣì ń mu ún lónìí? Ìbéèrè yìí kò gba ẹ̀rọ. Má sì fi àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣẹ̀sín: Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Arọ́ ní Abẹ́òkúta láti àwọn ọdún 1950.

Àtakò tó lágbára jù ni pé oògùn ti wà: phenobarbital kò wọ́n, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ó tó 70 nínú 100 aláìsàn tó lè bọ́ lọ́wọ́ gìrì bí wọ́n bá rí ìtọ́jú tó yẹ. Kí ló wá kù? Ìdí tí oògùn fi ń tán ní ilé ìwòsàn ló kù, àti ohun tí owó ọ̀kadà ń ṣe sí ìyá tó yẹ kó padà wá lóṣooṣù. Bí oògùn bá já lójijì, gìrì lè padà wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá á sì ní oògùn òyìnbó kò ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, má wọ ilé ẹnikẹ́ni lọ ka aláìsàn láìmọ ibi tí oògùn rẹ̀ yóò ti wá. Kọ owó oògùn náà sínú ìwé tí o fi ń béèrè owó ìwádìí, kí o tó kọ owó mọ́tò.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ