Bí Oògùn Bá Ti Di Bárakú, Ìtọ́jú Ló Kàn

Ìwádìí tí ìjọba Nàìjíríà àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, gbé jáde lórí ọdún 2018 fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn, láti ẹni ọdún 15 dé 64, ló lo oògùn olóró tàbí tó ṣi oògùn lò láàárín ọdún kan. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló ti kó sí wàhálà nídìí rẹ̀. Aláìsàn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtọ́jú ló sì yẹ ká wá fún un.

Ẹ wo tramadol, oògùn ìrora tí àwọn kan ń gbé mì kí wọ́n lè fara da iṣẹ́ agbára. Bó bá ti mọ́ ọpọlọ lára, ìwọ̀n àtẹ̀yìnwá kò ní tó mọ́, ẹni náà á máa fi kún un. Lọ́jọ́ tí kò bá rí i lò, imú rẹ̀ á máa ṣomi, inú á máa run ún, ara á máa ro ó, oorun á sì dá lójú rẹ̀. Ìyà yìí ló ń sá fún tó fi ń purọ́, tó fi ń jí nǹkan ilé tà. Àwọn kan ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Òótọ́ ni pé òun ló kọ́kọ́ gbé e sẹ́nu, àmọ́ èébú àti ẹgba kò lè tún ọpọlọ tí oògùn ti yí padà ṣe.

Àwọn mìíràn ní àdúrà ló kù, tàbí ká tì í mọ́lé títí á fi gbàgbé. Ẹ máa gbàdúrà o, ṣùgbọ́n títì mọ́lé léwu: ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, bí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e, ó sì lè gbabẹ̀ kú. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀, bíi ti Àró l'Ábẹ́òkúta àti ti Yábàá l'Ékòó, dókítà á bi í ní ohun tó ń lò àti ìwọ̀n rẹ̀, á fún un ní oògùn tí á mú ìyà náà fúyẹ́, nọ́ọ̀sì á sì máa ṣọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ ìhùwàsí á jókòó tì í, kí wọ́n jọ wádìí ohun tó ń tì í síbẹ̀: ìbànújẹ́ ni, àìríṣẹ́ṣe ni, àbí ẹgbẹ́ tó ń kó.

Bó bá tún padà sídìí rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò sọ ìtọ́jú di asán. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń gòkè padà bí aláìsàn bá pa oògùn rẹ̀ tì, a kì í sì torí ẹ̀ lé e nílé. Ẹ tètè dá a padà sọ́dọ̀ dókítà, torí ara tó ti sinmi kò lè gba ìwọ̀n àtijọ́ mọ́. Bó bá lò ó tó ti tẹ́lẹ̀, mímí rẹ̀ lè dúró. Bẹ́ ẹ bá pè é tí kò dáhùn, ẹ má rọ epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kẹ́ ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin òbí àti mọ̀lẹ́bí, ọjọ́ tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ jáwọ́, ẹ má fi dọ̀la.