Ọjọ́ Kan Ti Pẹ́ Jù

Yorùbá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òwe náà ń fi ọkàn ẹni balẹ̀, bóyá jù bó ṣe yẹ lọ. Kò sọ iye ẹni tí irọ́ yóò ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí òtítọ́ tó bá a lọ́nà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2014. Àrùn Ebola ti wọ Èkó láti ọjọ́ 20 oṣù keje, ẹ̀rù ń ba tẹrú-tọmọ, ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá gba orí fóònù kan lóru: kí oníkálùkù fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, Ebola kò ní lè mú un. Ńṣe ni àwọn èèyàn ń pe ara wọn dìde lójú oorun. Òtítọ́ kò jáfara nígbà náà o. Kíá ni ìjọba ti pariwo pé irọ́ ni. Síbẹ̀, nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máa gbé ìkìlọ̀ síta lọ́jọ́ 15 oṣù náà, ìròyìn ẹni méjì tó mu omi iyọ̀ kú ti wà nínú rẹ̀. Ebola fúnra rẹ̀, ẹni mẹ́jọ ló pa ní Nàìjíríà. Ẹ fi méjì wé mẹ́jọ.

“Bí kò bá ṣe oore, kò lè ṣe ibi”: gbólóhùn yìí ló ń gbé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ kiri. Ìdáná wo ni kò sí iyọ̀? A tilẹ̀ ń fi í sọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n iyọ̀ àpọ̀jù a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i, kíndìnrín tí kò bá sì lágbára kò lè yọ ọ́ dànù. Àwọn tó lè ṣe ní jàm̀bá jù ni àwọn àgbà tí ọmọ ń fi ìfẹ́ sáré pè.

Wọ́n á tún ní ẹni tó fi í ránṣẹ́ kì í purọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyá ìjọ tàbí alága ẹgbẹ́ tó fi í ránṣẹ́, òun náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ìfura loògùn àgbà, ọ̀rọ̀ náà la sì ń fura sí, kì í ṣe ẹni tó mú un wá. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ọjọ́ wo? Dókítà wo, ní ilé ìwòsàn wo? Ẹ da gbólóhùn kan nínú rẹ̀ sórí Google, ẹ ó rí bóyá ẹnikẹ́ni ti já a nírọ́.

Ti ímeèlì tún burú jù, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ báńkì síwájú rẹ̀, bí èèyàn ṣe lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sẹ́yìn àpò lẹ́tà. “A ó ti àkáǹtì yín nítorí BVN, ẹ tẹ ibí yìí kíákíá.” Ìkánjú yẹn gan-an ni àmì olè. Ẹ wo àdírẹ́sì náà dáadáa: cbn.gov.ng ni ti Báńkì Àpapọ̀, ṣùgbọ́n bí àmì ìdánudúró kan bá tún so orúkọ mìíràn mọ́ ẹ̀yìn ng, orúkọ ẹ̀yìn yẹn ló ni ilé, ti iwájú kàn ń ṣe àlejò ni. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pe, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì.

Ẹlòmíràn á ní dátà wọ́n, àyè kò sì sí, ta ló fẹ́ máa wádìí gbogbo ọ̀rọ̀? Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ wádìí gbogbo rẹ̀. Èyí tí ẹ kò bá lè wádìí, ẹ jẹ́ kó kú sórí fóònù yín. Dídákẹ́ kì í jẹ dátà. Bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Òótọ́ tó kan ẹ̀mí gbogbo ìlú kì í dúró de WhatsApp ẹnì kan: rédíò ń sọ ọ́ tọ̀sán-tòru lásìkò Ebola pé kí a fi ọṣẹ fọwọ́, kí a má fọwọ́ kan òkú. Kì í sì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́ ló lé Ebola lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tọpa ẹni 894 tó ṣeé ṣe kó ti fara kan aláìsàn, wọ́n lọ bá wọn lójúkojú ní nǹkan bí ìgbà 18,500, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná tó, títí di ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá tí wọ́n kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa.