Oòrùn Ràn, Oòrùn Wọlé: Ọ̀rọ̀ Ojú-Ọjọ́ àti ti Ilé Kíkọ́ ní Kíláàsì Yorùbá

Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní àdúgbò Broukro, ní ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire, lè bá ọ̀rọ̀ Faransé náà, ensoleillement, pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń lò fún iye wákàtí tí oòrùn fi ràn ní ọjọ́ kan. Òun náà ni àwọn ayàwòrán ilé ń lò fún bí oòrùn ṣe ń dé inú yàrá. Bí ọmọ náà bá bèèrè ohun tí Yorùbá ń pè é, ìdáhùn tí ó máa ń yá olùkọ́ lẹ́nu ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ìdáhùn yìí kò tó.

Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Oòrùn a yọ, a ràn, a mú, a sì wọ̀. Nígbà ọyẹ́, oòrùn lè yọ kí eruku má jẹ́ kí ó mú. Ohun èlò àtijọ́ tí àwọn onímọ̀ ojú-ọjọ́ ń pè ní Campbell-Stokes fi èyí hàn kedere: bọ́ọ̀lù gíláàsì rẹ̀ ń kó ìtànṣán oòrùn jọ sójú kan, a sì máa jó ìlà sára páálí. Bí oòrùn kò bá mú, páálí kò ní jó. Wákàtí ìràn oòrùn sàn ju wákàtí ìmọ́lẹ̀ lọ, nítorí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú náà ní ìmọ́lẹ̀. (Kí olùkọ́ ṣọ́ àmì ohùn: ìràn kì í ṣe ìran.)

Ti ilé ni ó gba àkíyèsí jù. Èjìgbò, tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí Côte d'Ivoire láti ayé àwọn amúnisìn, àti Bouaké fẹ́rẹ̀ẹ́ jìnnà dọ́gba sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní ìlú méjèèjì, oòrùn ọ̀sán ń wà lókè orí gan-an ní oṣù kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Etí òrùlé gígùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè dí irú oòrùn bẹ́ẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni agbára wọn kò ká, nítorí ó ti rẹlẹ̀. Fèrèsé tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni ó ń gbà wọlé.

Ibí yìí ni gírámà ti ṣe pàtàkì. Bí oòrùn bá wọ̀, ilẹ̀ ń ṣú lọ nìyẹn. Bí oòrùn bá wọ yàrá, ojúmọ́ ṣì wà. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá láti kékeré kò nílò àlàyé yìí. Ẹni tí ó ń kọ́ ọ láti inú ìwé nílò rẹ̀ gidigidi, nítorí bí àmì bá sọnù, oorun, òórùn àti oòrùn di ọ̀kan lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí oòrùn dé lórí ilẹ̀ kíláàsì ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Kí ó tún un fà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ní agogo kan náà, kí ó sì fi gbólóhùn mẹ́rin tí ó ní àmì ohùn ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó rí.