Ṣé búrẹ́dì ló ń fa ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn?

ÌBÉÈRÈ: Akẹ́kọ̀ọ́ LASU ni mí, Okokomaiko ni mò ń gbé. Eré 400 mítà ni mò ń sá. Kóòṣì wa ní kí n jáwọ́ nínú gluten, pé jíjáwọ́ bẹ́ẹ̀ ló gbé Novak Djokovic tó ń gbá tẹníìsì dókè. Ṣé òótọ́ ni?
– Sárésáré, Okokomaiko

ÌDÁHÙN: Gluten ni èròjà tó ń mú kí ìyẹ̀fun wíìtì tí a pò máa fà bíi rọ́bà. Ó wà nínú búrẹ́dì, Indomie, sẹ̀mó àti pọfupọ́ọ̀fù. Kò sí nínú gàrí, iṣu, ìrẹsì, ẹ̀wà tàbí ẹ̀kọ. Ẹni tó bá fi ẹ̀kọ jẹ mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, tó jẹ ẹ̀bà lálẹ́, ti jẹun láìfi ẹnu kan gluten.

Lóòótọ́, Djokovic pa gluten tì, ó sì gba ife ẹ̀yẹ ńlá 3 ní 2011. Ṣùgbọ́n dókítà ló sọ fún un pé kò bá ara rẹ̀ mu. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2015, wọ́n dán àìjẹ gluten wò lára àwọn agunkẹ̀kẹ́ 13 tí ara wọn le. Àwọn olùwádìí kò jẹ́ kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ náà mọ ìgbà tí gluten wà nínú oúnjẹ wọn. Eré wọn kò yàtọ̀.

Bí inú yín bá ń wú tàbí tí ẹ bá ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn tí ẹ bá jẹ búrẹ́dì, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti mọ̀ bóyá gluten kò bá ara yín mu, kí ẹ tó jáwọ́, torí ẹni tó ti jáwọ́ lè gba èsì tó ń tanni jẹ. Bí kò bá sí ìyọnu, ẹ máa jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn yín, ó kéré tán wákàtí 3 ṣáájú eré.